Mo Kí Bàbá Nídìí Katakata

Ìyá tó ń bá wa lọ ata ní Bẹẹrẹ rò pé agbéraga ni mí. Bí wọ́n bá ti ń fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì wọn, tí òórùn epo dísù sì gba imú mi, n kì í kí wọn àfi tí ẹ́ńjìnì náà bá ti dún.

Bàbá mi máa ń tún katakata tó ti gbó ṣe ní Bẹyẹrúnkà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, olóko sì ti dúró tì wọ́n. Bàbá ń fi irin gbọọrọ yí ẹ́ńjìnì láti iwájú. Ó wúkọ́, ó yọ èéfín dúdú, ó tún kú. Wọ́n tún ń yí i. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń bọ̀ láti ilé kéú ṣebí wọ́n ń bínú síra wọn ni. Mo kúnlẹ̀, mo kígbe:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Wọ́n gbójú sókè láti dá mi lóhùn. Ẹ́ńjìnì ta irin náà padà mọ́ wọn lọ́wọ́, mo sì gbọ́ tí egungun ọwọ́ wọn dún.

Wọ́n sọ fún gbogbo ilé pé irin ló yọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìkíni mi ló fà á.

Lórí ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, òógùn bo ojú wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀ọ̀, káàbọ̀, ọmọ mi."