Orúnkún Méjèèjì

Kò sí ẹni tó lè jó bíi tèmi ní gbogbo South Side, ní Amẹ́ríkà níbí, nígbà yẹn. Tó o bá fẹ́, sọ pé mò ń fọ́nnu. Mo lè jó, mo lè kọrin, mo lè ṣe bí ìyá àgbà tó ń bá ọmọ ẹ̀ jà lórí fóònù títí wàá fi di ikùn mú, mo sì lè fọwọ́ ara mi rán aṣọ tí màá fi ṣe gbogbo ẹ̀. Ìwé nìkan ni mi ò kà parí. High school sú mi, mo bá fi í sílẹ̀.

Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Òkè lọ́ńdìrì kan la ti ń kọ́ ijó, ooru maṣíìnì á máa gba inú pákó wá bá wa lókè. Yìnyín lè ga dé orúnkún níta, àwa ò ní wọ bàtà, torí pákó yẹn máa ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà kan ló ń kọ́ wa. Ó ti dàgbà, ìbàdí ń dùn ún, àmọ́ tó bá ti gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa á pa rọ́rọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó wò mí jó díẹ̀, ó ní, "Lọ dúró lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Ijó tiwọn lò ń jó látìgbà tó o ti wọlé." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàánú mi o. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń to àga. Ọkùnrin ni gbogbo èèyàn ń pè mí, àmọ́ láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé obìnrin ni mí, mi ò kàn rẹ́ni sọ ọ́ fún ni. Mo lọ dúró síbẹ̀, mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀ dòní.

Tí mi ò bá sí níbẹ̀, mo wà ní warehouse kan ní Romeoville, mò ń gbé páálí. Láàárín àwọn páálí yẹn ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan yí. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ní kí n yéé yí bí òkòtó. Mo dúró dè é kó kúrò níbẹ̀, mo tún yí.

Ilé ló le. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, ní ọsibítù kan ní Joliet, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni torí Amẹ́ríkà gbàgbé ilé. Tí wọ́n bá ti shift dé, mo gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀. Màá na ara mi gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, inú mi á máa bàjẹ́. Táwọn ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bá wá kí wọn, tí wọ́n kúnlẹ̀, orúnkún wọn ni màá máa wò bí ẹni tébi ń pa tó ń wo oúnjẹ.

Màmá mi rí gáùn búlúù tí mò ń rán fún show tá a fẹ́ ṣe lókè lọ́ńdìrì yẹn. Wọn ò pariwo. Wọ́n fọwọ́ pa etí aṣọ náà, wọ́n ní ojú rírán ẹ̀ dáa. Wọ́n wá ní, "Ọjọ́ tó o bá wọ èyí síwájú èèyàn, má pè mí ní màmá ẹ níbẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sọ ọjọ́ tí show máa jẹ́ fún wọn, mo sọ ibi tó ti máa wáyé, mo padà sídìí maṣíìnì ìránṣọ. Mi ò ní fi gáùn yẹn sílẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n wá, ó ń dùn mí dé eegun.

Tíṣà ijó wa kọ́ wa bá a ṣe máa kí èèyàn níparí eré: ẹsẹ̀ kan lọ sẹ́yìn, orúnkún kan balẹ̀, orí wálẹ̀. Mo ṣe é títí orúnkún mi fi wú.

Lọ́jọ́ náà, mo kọrin, mo jó, mo ṣe ìyá orí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu àga. Ìgbà tí wọ́n tan gbogbo iná ni mo rí màmá mi lẹ́nu ọ̀nà nínú yúnífọ́ọ̀mù funfun, kóòtù lórí ẹ̀, báàgì láyà. Wọn ò jókòó. Mo lè sá lọ sẹ́yìn, àmọ́ mi ò sá. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, mo gba àárín àwọn àga lọ bá wọn. Mo mọ̀ pé tí mo bá dọ̀bálẹ̀ nínú gáùn yẹn, gbogbo ohun tí mo kọ́ ti di eré lásán. Mi ò pè wọ́n ní màmá. Mo ṣe bí tíṣà ṣe kọ́ mi: ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, orúnkún kan balẹ̀.

Wọ́n wo orúnkún yẹn. Maṣíìnì ń kùn nísàlẹ̀.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ nílé wa nìyẹn?"

Mo gbójú sókè wò wọ́n.

"Méjèèjì ni. Orúnkún kan ṣoṣo, ta lò ń kí?"

Mo gbé ìkejì sílẹ̀, gáùn ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fọwọ́ lé mi léjìká, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fáwọn ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n dìde, àwọn á bá mi gán aṣọ yẹn tá a bá délé.

A ṣì ń jà o. Tínú bá bí wọn, orúkọ ọkùnrin tí mò ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè. Àmọ́ wọn ò ní kí n dọ̀bálẹ̀ mọ́. Tíṣà kọ́ mi bí màá ṣe dúró síwájú àwọn tí ò mọ̀ mí. Ti ẹni tó mọ̀ mí ló le jù, màmá mi ló kọ́ mi níyẹn, lójú gbogbo èèyàn. Ní báyìí, méjèèjì ni mo ń gbé sílẹ̀ tí show bá parí. Àwọn òyìnbó rò pé sítáì ni, àwọn kan ti ń jí i ṣe, wọn ò lè ṣe é bíi tèmi láéláé.

Wọ́n ti ń pè mí sórí pèpéle, mi ò sì tíì de okùn gáùn. Mo ń lọ.