Wọ́n Ní Àṣìṣe Ni

Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ifákò. Nígbà tí a bá dé orí ìjọba àwọn fáṣíìsì, ìjọba tipátipá tó ń kọ́ni ní ìkórìíra, bàtà sójà ni mo máa ń ṣàlàyé, àti àsíá, àti ọkùnrin tó ń jágbe lórí pèpéle ní ilẹ̀ òkèèrè. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé irú ìjọba bẹ́ẹ̀ lè wọ agbádá funfun kó sì máa pa wá lẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń gbé ní Agége. Kí ìdìbò tó dé, ilé iṣẹ́ ọ̀dà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà dá a dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún wa pé dísẹ́ẹ̀lì ló wọ́n, pé ọ̀gá wọn ò rí ẹ̀rọ amúnáwá tàn mọ́.

Lẹ́yìn náà ni olóṣèlú kan wá bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ lórí pápá, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n sin òun lọ. Ohùn ọkùnrin náà tutù. Ó ní, "Láyé àwọn bàbá wa, ta ni kò níṣẹ́ l'Ékòó? Iṣẹ́ yín dà? Ẹ lọ bi àwọn àlejò tó wà nínú ilé yín." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn àlejò náà ní kòkòrò inú ìrẹsì, ó ní kòkòrò ò nílò ìpàdé, oògùn ló nílò. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó wá ní ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́, àwọn mọ ibi tó ti wá. Obìnrin kan tó ti ń tẹ fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sáré ju fóònù sápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Gbogbo ohun tí mo máa ń kọ sójú pátákó ló ń jáde lẹ́nu ọkùnrin yẹn, àmọ́ èdè ìyá mi ló fi ń sọ ọ́.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, dísẹ́ẹ̀lì lẹ sọ nígbà yẹn."

"Ta ló ń ta dísẹ́ẹ̀lì? Àwọn náà ni."

Obìnrin Ìgbò kan tó ń rán aṣọ ilé-ìwé ló wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Inú ìkòkò kan náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ àti tiwa ti ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi ò dá a lóhùn mọ́ tó bá kí i. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Kí ni obìnrin yìí ṣe fún yín?"

Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Òun kọ́ ni mò ń bá wí, àwọn ni."

Èkìtì ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti wá. Ó pupa, ó sì ń kólòlò láti kékeré. Lọ́jọ́ ìdìbò, òun nìkan ló lọ dìbò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin dá a dúró ní oríta, wọ́n ní kó sọ ibi tó ti wá. Ẹ̀rù bà á, ahọ́n rẹ̀ sì há. "È... È..." Wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan fi pátákó gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ já bọ́. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ yíjú sẹ́yìn. Ìgbà tí ẹnì kan tó dá a mọ̀ pariwo pé ará wa ni, ni wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ẹni tó gbá a yẹn gan-an gbé gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Aránṣọ yẹn ló rí i létí títì tó gbé e wálé. Ó ń fi aṣọ tó rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹnu rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó jókòó.

"Àṣìṣe ni," ó wí. "Wọ́n rò pé ọ̀kan nínú wọn ni."

Aránṣọ ò gbójú sókè. Ó fún aṣọ náà, omi pupa dà sínú abọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu tó wú yẹn, ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. "Tí... tí n bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ńkọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí aránṣọ kó jáde, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Olóṣèlú yẹn wọlé ìbò, ẹ̀gbọ́n mi sì bá wọn jó lọ sórí pápá. Títí di òní, ilé iṣẹ́ ọ̀dà ò pè é padà.

Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lárọ̀ọ́ lálẹ́, kò kàn bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ fún àwọn àlejò pé ìpayà ọjọ́ yẹn ló gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti jáde tán, obìnrin náà á pè mí wá sí ìdáná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.