Ọṣẹ Dúdú Tí Mo Fi Aṣọ Pupa Dì

Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ọjà àkọ́kọ́ tí mo tà sókè òkun ti wá bá mi. Àwọn ará wa tó wà ní London nígbà náà kì í ráyè kọ lẹ́tà. Wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí wọ́n ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ti kí gbogbo ilé tán, wọ́n ti béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wọn, kó tó wá kàn mí.

“Ìyàwó mi, òtútù ibí yìí ń sán ara ọmọ mi. Ọṣẹ dúdú tí o máa ń sè yẹn ni mo fẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ náà máa rà, kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Jẹ́ kó dé kí òtútù tó le. Gbé e fún oníkágò ní Èkó, iṣẹ́ tìrẹ ti parí nìyẹn.”

Oníkágò yìí ni ọkùnrin tó máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ oríṣiríṣi èèyàn, tí yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí ńlá kan, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí London.

Ayé sójà ni. Ọṣẹ inú páálí ti di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún, mílíìkì ọmọ kò ṣeé fẹnu kàn. Ọkọ mi ń ránṣọ, ṣùgbọ́n ta ló ń dá aṣọ nígbà tí kò tíì jẹun yó? Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán, tí mo ń retí iṣẹ́ ọ́fíìsì, ìjọba ní àwọn ò gba èèyàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pọn ọmọ mi, tí mo bá ìyá ọkọ mi lọ sóko wọn ní Sekona lọ kó èèpo kòkó, tí wọ́n sì kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń jó o di eérú, tí wọ́n ń fi omi rẹ̀ àti àdín se ọṣẹ.

Mo se ti London yìí títí ó fi ki, tó rọ̀ wọ̀ọ̀ lọ́wọ́. Mo wá fẹ́ kó rẹwà. London ló ń lọ! Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rán aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tán, ègé aṣọ pupa sì kún abẹ́ máṣíìnì. Mo di ọṣẹ kọ̀ọ̀kan sínú ègé kan, mo fi òwú dúdú wé ọrùn rẹ̀ pinpin, mo ta á ní kókó. Ọkọ mi ní ó wu ojú. Ká ní ìyá ọkọ mi wà nílé ni, wọn ì bá ti pariwo, ṣùgbọ́n oko ni wọ́n wà. Mo kó o sínú páálí, mo gbé e fún dẹ́rẹ́bà kan ní gáréèjì pé kó bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ oníkágò ní Èkó.

Nígbà tí dẹ́rẹ́bà padà dé, kò fẹ́ wò mí lójú.

“Ìyá ọmọ, wọn ò gbà á o. Wọ́n ní kí ẹ wá kó nǹkan yín. Ọjọ́ Ẹtì ni àpótí wọn ń lọ.”

“Kí ló ṣe é?”

“Èmi lẹ ń bi? Àdúà ni mò ń gbà títí mo fi já a sílẹ̀!”

Tí àpótí yẹn bá lọ láìgbé tèmi, òmíràn ò ní lọ títí òtútù á fi wọlé tán. Ní Ọjọ́bọ̀, mo pọn ọmọ mi, mo wọkọ̀ Èkó. Àwọn sójà sọ̀ wá kalẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n tú ẹrù gbogbo wa wò, wọ́n ní ká máa lọ.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ oníkágò, gbogbo ẹrù ló wà nínú ilé. Páálí tèmi nìkan ló wà níta, lábẹ́ igi máńgòrò.

“Ọṣẹ ni, bọ̀dá,” mo sọ fún ọkùnrin tó ń to ẹrù.

“A mọ̀ pé ọṣẹ ni. Aṣọ pupa, òwú dúdú, kókó gbagidi! Ta lẹ fẹ́ fi mú?”

Ìyá kan tó gbé gàrí wá bú sẹ́rìn-ín. “Bóyá ọkọ rẹ̀ ló sá lọ sí London, ó fẹ́ kó máa bọ̀ nílé!”

“Ọkọ mi wà ní Ẹdẹ, mà. Òun náà ló gé aṣọ pupa ọ̀hún!”

Ẹ̀rín wá pọ̀ sí i. Mo wo páálí mi, ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí wọ́n rí. Ojú tì mí, ẹ̀rín sì pa èmi náà.

Oníkágò fúnra wọn jáde, bàbá kan tó wọ awò ojú. “Ìyá ọmọ, àwọn yìí ló ń bẹ̀rù oògùn. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù London lèmi ń rò. Wọn ò mọ̀ yín, wọn ò mọ Ẹdẹ. Ohun tí kò bá yé wọn, wọ́n á dá gbogbo àpótí dúró nítorí ẹ̀. Gàrí ìyá yìí wá ńkọ́?”

Èmi tí mo rò pé ẹnu ọ̀nà wọn ni iṣẹ́ mi parí sí! Mi ò ro ti àwọn ọwọ́ tí ọṣẹ mi máa gbà kọjá kó tó dé ara ọmọ tí mo sè é fún.

Mo tọrọ omi àti bàsíà. Mo tú ọṣẹ kan, mo bọ́ ọmọ mi síhòòhò lójú gbogbo wọn, mo sì wẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi fẹ́ràn omi bí ẹja. Ó ń fi ẹsẹ̀ pa á pàpà, ó ta ìfófòó sí ṣòkòtò oníkágò. Ọkùnrin tó ń to ẹrù sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ mú ọwọ́ wá,” mo ní.

Ó fọwọ́, ó gbé e símú. “Irú èyí tí ìyá mi fi ń wẹ̀ mí nìyí,” ó ní jẹ́jẹ́.

A jọ jókòó tú gbogbo rẹ̀. Ìyá onígàrí fún mi ní ọ̀rá funfun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn, irú èyí tí èèyàn lè rí inú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé lédè Òyìnbó pé ọṣẹ ìwẹ̀ ni, mo kọ ohun tí mo fi sè é, mo fi ọṣẹ kọ̀ọ̀kan àti ìwé tirẹ̀ sínú ọ̀rá. Ìwé mẹ́wàá mi ríṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Oníkágò ka ọ̀kan, wọ́n dá a padà fún mi.

“Ẹ kọ orúkọ ìlú yín sí i.”

Mo kọ Ẹdẹ sí gbogbo rẹ̀.

Ọṣẹ náà bá àpótí ọjọ́ Ẹtì lọ, ó sì dé kí òtútù tó le. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rán ẹnì kan sí wa pé ara ọmọ ti ń jọ̀lọ̀, pé àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti ń ka ìwé pélébé yẹn, wọ́n ń béèrè ibi tí Ẹdẹ wà, wọ́n sì fẹ́ òmíràn. Kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ìyá ọkọ mi ti ń sá èèpo kòkó sóòrùn.