Mílíìkì Ìjọba àti Ìgbakọ Ẹ̀kọ Mi

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù: odindi sáà kan ni mo fi da mílíìkì tí ìjọba ń fún mi nílé-ìwé sí ìdí igi máńgòrò, nítorí ó dá mi lójú ṣáká pé ọmú ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti fún un. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn mílíìkì nínú omi gbígbóná láàárọ̀, ikùn mi á kọ́kọ́ sá sẹ́yìn díẹ̀ kó tó rántí pé òun ti dàgbà.

Ìgbà tí ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀fẹ́ ni. Bàbá wa, tí oko kòkó wọn wà lọ́nà Olúpọ̀nnà, kò fẹ́ kí n lọ rárá. Wọ́n ní ohun tí a bá fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ká yí ìdí rẹ̀ wò dáadáa ká tó gbé e wọlé. Ìyá mi ló bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. “Lọ,” ni wọ́n wí fún mi, “ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé wọ́n fi ohun tí kò tọ́ kọ́ ọ, ọkọ́ rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Ọkọ́ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti gé igi rẹ̀ kúrú kó lè bá apá mi mu.

Kò pẹ́ ni mílíìkì dé sí Ìwó, ìyẹ̀fun funfun báláú nínú àpò, bí láfún. Obìnrin kan tí a ń pè ní Ìyá Alásè á dà á sínú omi híhó nínú àgbá ńlá, á fi igi rò ó, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ọgbà. A ó tò, oníkálukú pẹ̀lú kọ́ọ̀bù rẹ̀. Tíṣà wa, ọkùnrin gbígbẹ kan tó máa ń fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà á, á máa pariwo pé, “Ẹ mu ún, kí ẹ lè lágbára!” Bí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe lágbára, a kò bi í.

Ǹ bá mu ún, bí kì í bá ṣe ti Mùfú. Ààfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú nírọ̀lẹ́ ló bí i, wọn kò sì fi í sílé-ìwé. Inú ń bí i pé à ń lọ. Ló bá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Ràfíù, ṣé o ti rí màlúù tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní ìyẹ̀fun mu rí?”

Mo ní n kò rí i.

“Ṣé wàrà àwọn Fúlàní máa ń gbẹ bí láfún?”

“Rárá.”

“Ẹran wo ni wọ́n ní òyìnbó tó fi í ránṣẹ́ ń sìn?”

“Ẹlẹ́dẹ̀?”

“Ìwọ lo sọ ọ́ o, èmi kọ́! Ṣáà ti mọ̀ pé bó bá ti gba ọ̀fun rẹ kọjá, gbogbo kéwú tí o ti kà á bá a ṣàn lọ. Orí Fátíhà lo ó ti tún bẹ̀rẹ̀.”

Ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún mi nígbà yẹn kò kún ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó fún mi kún agbọ̀n. Kéwú tí wọ́n fi ẹgba rọ sí mi lórí, kí n tún padà sórí Fátíhà! Ìdí máńgòrò yá.

Ibi tí mo ti ń yọ̀ pé mo gbọ́n, ọ̀ràn ti dé ilé. Epo pupa ni ìyá mi ń rà wá láti Ilé-Ogbó, èrè rẹ̀ kò sì ju ohun tí à ń fi sẹ́nu lọ. Láràárọ̀ wọ́n á ra ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n á fi ìgbakọ bù ú fún wa: tèmi á kún, ti Sìkírá àbúrò mi á dé ìdajì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já Sìkírá lẹ́nu ọmú ni, ọrùn rẹ̀ rí bí ọrùn òròmọdìẹ tí òjò pa. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ nípa mílíìkì, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: “Alihamudulilaahi! Ìjọba ti bá mi bọ́ ẹnu kan.” Ní ọjọ́ kejì, ìgbakọ ẹ̀kọ mi ṣí lọ sínú igbá Sìkírá. Owó àkàrà tí mo máa ń mú lọ sílé-ìwé di pọ̀nmọ́ inú ọbẹ̀ alẹ́.

Ẹ wá wo ọ̀ràn. Sìkírá ń sanra. Bàbá ń jẹ pọ̀nmọ́, wọ́n sì ń yin ìjọba tí wọ́n ti ń bú. Àwọn èèrà ìdí máńgòrò pàápàá ń dán. Gbogbo ayé ló ń jẹ mílíìkì mi, àfi èmi. N kò sì lè sọ̀rọ̀: bí mo bá ní ti ẹlẹ́dẹ̀ ni, ọkọ́ ń dúró, bí mo bá ní mo ń dà á nù ni, pàṣán ń dúró. Ìyá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọn kò mọ inú tèmi. Ẹ̀rù wọlé bá ebi níbẹ̀, wọ́n jọ tẹ́ ẹní sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi yí ẹ̀yìn padà láti di ẹrù epo. Mo gba igbá lọ́wọ́ Sìkírá, mo gbé e sẹ́nu. Igbe tí ọmọ yẹn ké, ẹni tó wà ní Ilé-Ogbó á gbọ́ ọ. Kí n tó sọ igbá kalẹ̀, ìyá mi ti dúró lé mi lórí, ẹ̀kọ sì wà ní imú mi.

“Ràfíù! Ìwọ tí ìjọba ń bọ́, o tún ń ja Sìkírá lólè?”

Ẹkún ni mo fi dáhùn. Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ẹlẹ́dẹ̀, máńgòrò, ọkọ́, Fátíhà. Mo ń retí ìgbájú, kò dé. Ẹ̀rù ti ba àwọn náà. Wọ́n wé gèlè, wọ́n fà mí lọ sọ́dọ̀ Ààfáà kí Bàbá tó toko dé.

Ìyá mi kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Ààfáà, mílíìkì ilé-ìwé yìí, ṣé ti ẹlẹ́dẹ̀ ni?”

Ààfáà rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Ìyá Ràfíù, wàrà màlúù ni. Wọ́n ń fún ìyàwó mi nínú rẹ̀ ní dìsípẹ́ńsárì, níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, nítorí àwọn ìbejì. Èyí tí àwọn ìbejì bá mu kù, èmi àti Mùfú yìí la jọ ń mu ún.”

Mo wo Mùfú. Mùfú ń wo òrùlé.

Bí a ṣe ń padà lọ sílé, ẹ̀rù ti kúrò, ojúkòkòrò ti jókòó sí àyè rẹ̀. Mo ti rí mílíìkì, mo tún fẹ́ ẹ̀kọ. Mo ní, “Ìyá mi, ṣé ẹ ó dá ìgbakọ mi padà lọ́la? Èmi ni ìjọba fún ní mílíìkì, kì í ṣe Sìkírá.”

Mo ti darúgbó báyìí. Mo máa ń gbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé lórí rédíò, wọ́n á máa jiyàn bóyá oúnjẹ tí ìjọba fún ọmọ ń dé inú ọmọ náà, àbí ó ń yà sí ibòmíràn nínú ilé. Ọmọ inú mi lọ́hùn-ún á fẹ́ pariwo pé, “Ó ń yà o, ẹ gbà mí!” Àgbàlagbà tó ti pín ẹ̀kọ tí kò tó fún ọmọ tirẹ̀ á fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ọmọ yẹn lọ púpọ̀, mo kàn gbọ́ èsì ni. Ìyá mi dúró láàárín ọ̀nà lọ́jọ́ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin, wọ́n ní:

“Ìwọ lọ sílé-ìwé, ìjọba mọ̀ ọ́. Sìkírá ńkọ́? Ta ló mọ̀ ọ́n, bí kì í bá ṣe èmi?”