Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Náà Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Màmá Rọra kú lórí bẹ́ǹṣì, nínú ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Àyà ló dùn ún lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, wọn ò rí ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà àdúgbò wa, sáré jáde lọ wá takisí. Kó tó dé, ó ti dákẹ́.

"Rọra, ìyá mi, rọra." Ohun tó máa ń sọ fún aláboyún nìyẹn, ibẹ̀ la ti yọ orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyàwó mi bí àkọ́bí wa sí. Mò ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, ló bá yọjú, ó ní ṣé èmi náà ń rọbí ni. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ṣebí a ní ọkọ̀ aláìsàn? Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ tí alága ìjọba ìbílẹ̀ wá ṣí ilé ìwòsàn náà. Alága ní ìdàgbàsókè ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó dé lóòótọ́: ó fọn fèrè, wọ́n yà á ní fọ́tò, ó sì bá alága padà sílé. Màmá Rọra ti fi kaba àtijọ́ rẹ̀, aláwọ̀ ewé, rán kọ́tìnnì sí fèrèsé ọkọ̀ náà kí wọ́n tó gbé e lọ, kí ojú má baà ti aláboyún lọ́nà. Ìgbàkígbà tó bá béèrè ọkọ̀, wọ́n á ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn fẹ́ bu ọlá fún òkú, wọ́n fi ọkọ̀ ránṣẹ́ láti gbé pósí. Káfíńtà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bá kọ́tìnnì ìyàwó rẹ̀ pàdé. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀ láti ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Àga oníke òde àríyá tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ ló jẹ́ ká mọ irú èrò tí ọkọ̀ náà ń gbé kiri.

Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Nígbà tó ṣì ń mí, ẹ ò gbé e. Ẹ máa wà á lọ." Èjìká la fi gbé e.

Mo gbọ́ báyìí pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìwòsàn náà. Ara mi ò gbà á. Ṣé pátákó ni wọ́n fẹ́ fi pa wá lẹ́nu mọ́? Kí ni iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí kò lè gbé aláìsàn ìbílẹ̀? Alága, ẹ gbé pátákó yín tì ná. Ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ dárúkọ fún wa: lọ́jọ́ tí Màmá Rọra wà lórí bẹ́ǹṣì, ta ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ló sì ń kó àga lọ?