Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Lè Nawọ́ Sí

Mo ṣì kéré gan-an, mi ò tíì ju ẹni tí wọ́n ń rán lọ ra iyọ̀ lọ, nígbà tí ọkùnrin ará Tógò kan mú ìyàwó rẹ̀ wá gba yàrá kan nínú ilé wa ní Ìkirè. Ọkùnrin náà gbọ́ Yorùbá díẹ̀, nítorí oko kòkó ló ń bá wọn ro lọ́nà Wásinmi. Ìyàwó rẹ̀ ni kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kú àárọ̀ pàápàá, ẹ̀rín ló fi ń dáhùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oyún rẹ̀ ti yọ sí gbangba, ọkọ rẹ̀ kì í sì í wálé àfi lópin ọ̀sẹ̀.

Ìyá mi àgbà, tó ni ilé, ló fi mí ṣe olùkọ́ rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ ọmọdé! Inú mi dùn ṣìnkìn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú ń rí: igbá, omi, ìgbálẹ̀, adìyẹ. Bí mo bá ti nawọ́ sí nǹkan, màá pè é, òun náà á pè é. Ìyẹn ò le rárá. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi mọ orúkọ gbogbo ẹrù inú ilé, mo sì ń yan kiri bí ọ̀gá ilé ìwé.

Ìyá àgbà ò bá mi yọ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìgbálẹ̀ ló fẹ́ bí ni? Bí ara bá ń ni ín ńkọ́, tí kò sẹ́nì kan nílé, kí ló fẹ́ wí?"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Inú ń run ni, orí ń fọ́ ni, ẹ̀yìn ń ro ni, egbò ń ta ni. Ìrora kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lédè wa, kò sì sí èyí tí èèyàn lè nawọ́ sí bí igbá. Ìyá àgbà ló wá jókòó tì wá. Bí obìnrin náà bá fọṣọ tán tó di ìbàdí mú, Ìyá àgbà á ká a mọ́bẹ̀: "Ẹ̀yìn ń ro mí. Wí i." Lọ́jọ́ kan ó ní kí n máa yí pòòyì láàárín àgbàlá títí mo fi ṣubú lulẹ̀, kó tó nawọ́ sí orí mi pé, "Òòyì ń kọ́ ọ." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ni mo bì.

Kì í ṣe pé ó dùn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ tó bá wọlé lónìí á sá lọ lọ́la. Ó máa ń sú mi. Ó máa ń sú òun náà, á fọwọ́ bojú, á máa sunkún. Ìyá àgbà ò gbà. "Tún un wí."

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà máa wúlò, Ìyá àgbà ti lọ sọ́jà Àpòmù, èmi sì wà nílé ìwé. Mo dé, mo bá ilẹ̀kùn yàrá obìnrin náà ní ṣíṣí gbayawu. Káfíńtà òdìkejì ọ̀nà ló sọ fún mi. Ó ní obìnrin náà wá di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun mú, tó ń wí pé, "Orí ń fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi, ojú mi ń ṣókùnkùn." Káfíńtà ò bi í ní nǹkan kan mọ́, ó dá ọkọ̀ dúró, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru, pé bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, tìyá tọmọ ni à bá pàdánù. Káfíńtà ní gbólóhùn kan ló ń tún wí nínú ọkọ̀: "N ò fẹ́ kú." Ẹ̀yin èèyàn mi, a ò kọ́ ọ nìyẹn o. Òun ló to ìyẹn fúnra rẹ̀.

Ó bímọ, ọmọ náà yè. Ìyá àgbà tí mi ò rí kó sunkún rí, ó sunkún lọ́jọ́ náà.

Lónìí ẹ̀wẹ̀, èmi ni àgbà ilé. Ọmọ mi ọkùnrin ń gbé lókè òkun, orí fóònù ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ Yorùbá. Wọ́n mọ ajá, wọ́n mọ ológbò, wọ́n lè ka ení dé ẹ̀wá. Sọ́ńdè Sọ́ńdè ni mo ń gbìyànjú láti mú wọn kọjá ibẹ̀, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Kò sí ohun tó ń lé wọn. Oúnjẹ wọn ò sí nínú rẹ̀, ìwòsàn wọn ò sí nínú rẹ̀. Mi ò bínú sí wọn. Ibi tí ayé bá bá ni la ti ń jẹ ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wá kí mi. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà, tó jẹ́ obìnrin, jókòó tì mí, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Màmá, ṣé dáadáa lẹ wà?" Ó kọ́ gbólóhùn náà sílẹ̀ dè mí ni. Mo ní n ò ní purọ́ fún un. Mo ní orúnkún ń ro mí, ẹ̀gbẹ́ ń gún mi, àárò bàbá rẹ̀ àgbà ń sọ mí tí oorun kì í fi í kùn mí. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀ pé kó túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ọmọ tí mo bí wò mí, ó wo ilẹ̀, ó wá fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ara Màmá le.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbá mi mọ́ra. Mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó ìyẹn. Ó dùn mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Àjèjì rí ẹni gbọ́ ìrora rẹ̀ ní Ìkirè. Èmi ọmọ Ìkirè, nínú ilé ara mi, mo ṣì ń wá ẹni tó máa gbọ́ tèmi.