Òkúta Ẹ̀yìn Táyà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Màá rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an, n kò ní bù lé e, n kò sì ní dín in kù. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, tí géètì bá dún, àyà mi á já.

Agége ni mò ń gbé, iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń yẹ páálí wò bóyá ó dí dáadáa kó tó jáde, torí náà ó ti mọ́ mi lára láti wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Àwáwù nìkan ni mo bí, ọmọ ọdún méje. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìparí oṣù ló ń wálé. Lójoojúmọ́, èmi àti Àwáwù àti ọkọ̀ wa ni.

Ilé wa ló kẹ́yìn lókè òpópó wa. Òpópó náà dà gẹ̀rẹ́ láti géètì wa títí dé títì ńlá, níbi tí àwọn tírélà tó ń kó ìyẹ̀fun lọ fún àwọn oníbúrẹ́dì ti ń sáré. Gọ́tà jíjìn kan gba ẹnu òpópó náà kọjá. Kọnkéré tó bò ó ti já sínú lápá kan, ó wá ku ihò tó lè gbé ọmọdé mì. Ṣé ìyá ọmọ lè rí irú ìyẹn kó dákẹ́? Gbogbo ìpàdé àdúgbò ni mo ti ń pariwo rẹ̀. Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́ onílé wa, kì í tilẹ̀ pe orúkọ mi mọ́. Bí mo bá ti yọ, wọ́n á ní, "Ìyá Gọ́tà ti dé o, ẹ fún un lága." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Inú ọgbà iléeṣẹ́ wa ni wàhálà ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi jíà sí P, mo sọ̀kalẹ̀ láti mú báàgì mi lẹ́yìn, ni ọkọ̀ bá rọra yí lọ síwájú, ó fi imú gbá ògiri. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní ó fẹ́ ṣáájú mi lọ sílé ni. Mo yọjú wo inú rẹ̀: jíà ṣì wà ní P! Ọkọ̀ tó wà ní P, ṣé ó máa ń rìn ni?

Mo ya nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Ràṣídì, àbúrò mi tó wà lókè òkun. Kò pẹ́ tó fi pè mí. Ó ní iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti kéde pé kí gbogbo ẹni tó ní irú rẹ̀ gbé e padà wá fún àtúnṣe ọ̀fẹ́, rìkọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Rọ́bà kékeré kan ló so okùn jíà mọ́ jíábọ́ọ̀sì nísàlẹ̀. Tí rọ́bà náà bá gbó, á máa já díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ jíà á máa sọ pé P, nígbà míì jíábọ́ọ̀sì á gbọ́, nígbà míì kò ní gbọ́. Ó ní kí n má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà láé.

Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ bá àwọn tó ń ta irú rẹ̀ ní tuntun ní Ìkẹjà. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ṣe jẹ́jẹ́, ó tilẹ̀ fún mi lómi tútù. Ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ tí àwọn bá tà fúnra àwọn nìkan ni àwọn ń tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tòkunbọ̀ sì ni tèmi. Rọ́bà náà gan-an kò sí nílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo lọ́mọ. Ó ní òun mọ̀, mà, òun náà lọ́mọ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ kí n tó lè wà á kúrò níbẹ̀.

Kí ni kí n ṣe? Kí n tà á fún ìyá ọmọ mìíràn? Kí n máa gbé Àwáwù sórí ọ̀kadà? Bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ti kú kí n tó rà á. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo òkúta. Ibikíbi tí a bá dé, Àwáwù á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, á lọ dúró mọ́ ògiri. Èmi á pa ẹ́ńjìnnì, màá sáré gbé òkúta sẹ́yìn táyà. Òun ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ibi tó dúró sí, á ní, "Mọ́mì, ó ti jókòó." Ìgbà yẹn ni mo tó ń mí.

Bùrọ̀dá Múfú, mẹkáníìkì wa, ló ní òun á wá rọ́bà náà fún mi. Mo ní kí n sọ fún Ràṣídì kó fi tuntun ránṣẹ́, Múfú fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní tuntun ìsinsìnyí, ike lásán ni, tòkunbọ̀ ló ń pẹ́. Ẹ sọ òtítọ́, ta ni nínú wa tí kò gbà bẹ́ẹ̀? Fíríìjì mi, tòkunbọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tòkunbọ̀. Mo gbà. Ó yọ ọ́ lára ọkọ̀ kan tí wọ́n ti tú palẹ̀, irú tèmi gan-an, ọdún kan náà. Ó ní ó bá tèmi mu bí ìbejì. Inú mi sì dùn sí ìyẹn!

Ó gbé ọkọ̀ náà sórí gẹ̀rẹ́ níwájú ilé wa, ó fi sí P, ó fi èjìká tì í. Kò mira. Mo gbé òkúta jù sí ìdí ògiri.

Ó yá, ẹ wá gbọ́ ti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo gbé Àwáwù dé láti ilé ìwé. Oòrùn mú, mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa fẹ́ sí i, mo fi jíà sí P, mi ò ti ilẹ̀kùn mi pa tán, mo lọ ṣí géètì. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Àwáwù, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó ń sọ fún mi pé omi ti hó.

"Mọ́mì, ó ń lọ."

Mo yíjú padà. Ọkọ̀ ti ń fẹ̀yìn rìn. Mo sá lé e, mo di ilẹ̀kùn mú, ó wọ́ mi, mo ṣubú, mo dìde. Mo ń wo ojú rẹ̀ nínú gíláàsì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, bẹ́líìtì sì so ó mọ́ ìjókòó. Èmi ni mo so ó! Bí mo ṣe ń sáré ni ọkọ̀ ń yára jù mí lọ. Mò ń gbọ́ ìró tírélà láti títì. Mo pe Ọlọ́run. Mo pe bàbá rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹni pé ó lè gbọ́. Bàbá Alága tí wọ́n jókòó níwájú ilé wọn ju àga wọn sẹ́yìn táyà, ọkọ̀ gùn ún kọjá. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé mo ti pa ọmọ mi.

Ni mo bá gbọ́ gbì!

Táyà ẹ̀yìn ti já sínú ihò gọ́tà. Ọkọ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, imú rẹ̀ sókè, ó dúró. Tírélà ìyẹ̀fun kan fun fèrè kọjá lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ gbé ìborùn kúrò lórí mi.

Mo fa Àwáwù jáde. Kò fara pa rárá. Ó ń béèrè ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan tó bọ́. Bàbá Alága wo gọ́tà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìyá Gọ́tà." Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Bùrọ̀dá Múfú jáde lábẹ́ ọkọ̀, rọ́bà náà ti di méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ti àkọ́kọ́ ti já gan-an ni èyí náà ti já. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá Àwáwù, ẹ foríjì mí. Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì."

Irú ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, àbùkù kan náà. Àrùn la fi wo àrùn. Èmi tí mo ń wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe bá èyí àkọ́kọ́ mu ni mo wò, n kò bi ara mi pé kí ló ṣe èyí àkọ́kọ́.

Ràṣídì ti fi rọ́bà tuntun rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé, Múfú sì ti fi í sí i. Bíréèkì ọwọ́ náà ti jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ yín, kí ẹ fún ẹni tó lè bá yín wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí ìkéde yẹn kì í wá bá ọkọ̀ tòkunbọ̀ nílé. Tí wọ́n bá ní àbùkù wà lára ẹ̀yà kan, ẹ má fi ọmọ ìyá rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó lọ ṣí géètì, ooru kì í pa ọmọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣé ọkọ̀ tiyín náà ti rìn fúnra rẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má tijú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ lè wúlò fún ìyá kan lọ́la.

Wọ́n ti da kọnkéré bo gọ́tà náà wàyí. Èmi tí mo fi gbogbo ẹnu mi bẹ̀bẹ̀ fún un, ọjọ́ tí wọ́n dà á, mi ò lè wò ó. Àwáwù náà ti lọ gbé òkúta wa kúrò ní ìdí ògiri padà sínú ọkọ̀. Mo sọ fún un pé rọ́bà tuntun ni, pé bíréèkì ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí a bá dé, á sọ̀kalẹ̀, á dúró mọ́ ògiri, kò ní kúrò níbẹ̀ títí màá fi gbé òkúta náà sípò.

"Mọ́mì, ó ti jókòó."